Sìkóníà Wo Ló Yẹ Yín? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Rà Á

Sìkóníà (zirconia), ohun tí irin zirconium àti ọ́síjìn para pọ̀ dá, àti àwọn ọjà tó jọ ọ́: pọ́dà funfun ni gbogbo wọn. Bí ẹ bá ṣí àpò mẹ́rin sílẹ̀ níwájú mi lónìí, tí ẹ ò kọ nǹkan kan sí wọn lára, mi ò lè fi ojú lásán mọ èyí tó jẹ́ sìkóníà tí a kò po nǹkan mọ́, èyí tí wọ́n ti po ítíríà (yttria, Y₂O₃) mọ́, èyí tó jẹ́ àlúmínà (alumina, Al₂O₃), àti èyí tó jẹ́ yanrìn zircon tí wọ́n lọ̀ kúnná. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Àmọ́ owó wọn jìnnà síra, iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe sì jìnnà síra jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ra sìkóníà fún iṣẹ́ ara mi, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ni mo wá kiri: 99.9%. Mo rò pé bíi wúrà ni, pé bó bá ṣe mọ́ tó ni yóò ṣe dára tó. Kílò 25 ni mo san owó rẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ sínú mọ́ọ̀dì, a fi ṣe àwọn páìpù kéékèèké, a kó wọn sínú ìléru, a gbé iná dé 1500°C, a sì rọra jẹ́ kó tutù. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn, òkúta wẹ́wẹ́ la bá níbẹ̀. Inú bí mi sí ẹni tó tà á fún mi, mo pè é lórí fóònù pé kó wá gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé kò purọ́ kankan fún mi. Ọjà rẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Mímọ́ yẹn gan-an ló fọ́ ọ.

Èyí tó mọ́ jù ló ń kọ́kọ́ fọ́

Sìkóníà máa ń pa ara dà nínú iná. Láti ìgbà tó tutù títí dé nǹkan bí 1170°C, ọ̀nà kan ni àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ gbà tò, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní monoclinic. Bó bá kọjá ibẹ̀, wọ́n tún ara wọn tò sí tetragonal. Ní nǹkan bí 2370°C, wọ́n tún yí sí cubic, kó tó di pé gbogbo rẹ̀ yọ́ ní nǹkan bí 2715°C. Kò sí wàhálà nígbà tó bá ń gòkè. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀: ní ibi tí tetragonal ti ń padà di monoclinic, ó ń fẹ̀ ní ìwọ̀n 4 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ti gbàgbé ìgò omi sínú fíríìsà rí mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan líle tí inú rẹ̀ ń fẹ̀ tí kò sì ríbi fẹ̀ sí.

Ohun tí wọ́n fi ń dá a lẹ́kun ni kí wọ́n po nǹkan mìíràn mọ́ ọn, ìbáà jẹ́ ítíríà, mágínísíà, kálísíà tàbí séríà. Bí èyí bá wọ inú rẹ̀ dáadáa, sìkóníà á máa tutù bọ̀ láìpadà sí monoclinic. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń béèrè ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn, àti bó ṣe pọ̀ tó, kí n tó béèrè bí ó ṣe mọ́ sí.

Aláìlábùlà, 3Y àti 8Y

Sìkóníà tí a kò po nǹkan mọ́ wà fún ẹni tó máa yọ́ ọ tàbí tó máa sun ún pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. Àwọn tó ń ṣe bíríkì fún ìléru gíláàsì ń yọ́ ọ mọ́ àlúmínà àti sílíkà. Àwọn tó ń ṣe àwọ̀ fún táìlì àti àwo ń sun ún mọ́ sílíkà, wọ́n á fi fánédíọ́mù sí i kó di búlúù, tàbí praseodymium kó di yẹ́lò. Àwọn tó ń ṣe PZT, ohun tó ń mú ohùn jáde nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú oyún nílé ìwòsàn, ń pò ó mọ́ òjé àti títáníọ́mù. Bí irú iṣẹ́ yín bá nìyí, ẹ má ra èyí tó ní ítíríà nínú. Ítíríà wọ́n, ẹ̀yin ò sì ní rí ohun tí ẹ máa fi ṣe.

3Y ló yẹ kí n rà lọ́jọ́ yẹn. Nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún mólékù tó wà níbẹ̀, 3 jẹ́ ítíríà. Ó kàn tó láti mú tetragonal dúró, kò tó láti dè é pinpin. Ọdún 1975 ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Ọsirélíà, Garvie, Hannink àti Pascoe, tẹ̀ ẹ́ jáde pé fífẹ̀ tó ń fọ́ sìkóníà yìí náà lè di agbára fún un. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é: bí ohun kan bá sán díẹ̀ lára, àwọn hóró tó wà níwájú ojú sísán náà ń jí, wọ́n ń yí padà sí monoclinic, wọ́n sì ń fẹ̀. Fífẹ̀ yẹn ń fún ojú sísán náà pa, kò ní lè lọ síwájú mọ́. Ohun tó sọ páìpù mi di òkúta wẹ́wẹ́ náà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀bẹ, orí ìgbáròkó àtọwọ́dá, ṣáàfù fún pọ́ǹpù, àti eyín.

8Y kò le tó bẹ́ẹ̀. Ítíríà inú rẹ̀ ti pọ̀ débi pé cubic ni ó wà títí ayé, kò ní jí, kò ní fẹ̀, kò sì ní pa sísán kankan mọ́ra. Ohun tí wọ́n ń rà á fún ni pé bó bá ti gbóná, ọ́síjìn lè gba inú rẹ̀ kọjá. Walther Nernst lo irú àdàlù yìí fún gílóòbù iná ní Jámánì ní 1897. Ní 1976, Bosch gbé ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ jáde fún mọ́tò, Volvo ló sì kọ́kọ́ lò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ tòkúnbọ̀ ní Ládípọ̀, ẹ ti ra sìkóníà láìmọ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ife kékeré tó dà bí fìlà tí aránṣọ ń fi sórí ìka, sìkóníà ni wọ́n sì fi ṣe é. Bó bá ti gbóná kọjá nǹkan bí 300°C ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: nǹkan bí 0.9 fóltì iná bí epo bá pọ̀ jù, nǹkan bí 0.1 bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀, torí mo ti rí ẹni tó jẹ gbèsè níbẹ̀. Oríṣi ọjà méjì ni àwọn èèyàn ń pè ní "8YSZ" (YSZ ni sìkóníà tí wọ́n fi ítíríà dá dúró). Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ iná tí ń lo ọ́síjìn (fuel cell) àti sẹ́ńsọ̀ ń ka 8 yẹn ní mólékù. Àwọn tó ń fi sìkóníà bo abẹ inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú kí ooru má bàa yọ́ ọ ń wọn 8 tiwọn lórí òṣùwọ̀n. Ẹni tó ń ka iṣu lẹ́yọ àti ẹni tó ń gbé e lé òṣùwọ̀n kò lè san iye kan náà. Mólékù ítíríà wúwo ju mólékù sìkóníà lọ, torí náà 8 ti kíkà jẹ́ nǹkan bí 13.7% lórí òṣùwọ̀n, nígbà tí 8 ti òṣùwọ̀n kò ju nǹkan bí 4.5 lọ tí a bá kà á ní mólékù. 3Y náà jẹ́ nǹkan bí 5.4% lórí òṣùwọ̀n. Ẹ má ṣe gba orúkọ. Ẹ béèrè iye Y₂O₃ lórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ tí ẹ rí 8% níbẹ̀, ti ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fẹ́ fún yín.

Èyí tí wọ́n fi mágínísíà dá dúró ò gbówó lórí tó ti ítíríà. Ó dára fún ihò tí irin yíyọ́ ń gbà kọjá níléeṣẹ́ irin, àti fún àwọn mọ́ọ̀dì tí wọ́n fi ń fa wáyà. Bí iṣẹ́ yín kò bá sí nínú èyí, ẹ fi sílẹ̀.

Zircon, zirconium, zirconia

Orúkọ mẹ́ta yìí jọra bí ọmọ ìyá, àwọn alágbàtà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Zirconium ni irin. Zirconia, tí mò ń pè ní sìkóníà, ni ZrO₂. Zircon ni yanrìn tí wọ́n ń wà nílẹ̀, sílíkà sì wà nínú rẹ̀: nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ni sìkóníà, ìyókù jẹ́ sílíkà. Ọsirélíà àti Gúúsù Áfíríkà ló ń wà á jù lọ.

Nílé wa níbí, zircon wà nínú yanrìn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́ ìwakùsà tánganran ní Jos. Ẹni tó bá pè yín pé òun ní "zirconium Jos" tó mọ́ tónítóní, yanrìn zircon ló ní. Ó wúlò fún iléeṣẹ́ táìlì, torí bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ kúnná, òun ló ń mú kí ojú táìlì funfun tí kò sì jẹ́ kí ìsàlẹ̀ hàn. Kì í ṣe sìkóníà, owó sìkóníà kò sì yẹ ẹ́. Yanrìn Jos tún máa ń ní mónásáìtì nínú, èyí tó ní tóríọ́mù, nítorí náà kí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án ní ìwé ìwọ̀n ìtànṣán rẹ̀ lọ́wọ́.

Ti òrùka tún wà o. "Cubic zirconia" tí wọ́n ń tà bíi dáyámọ́ǹdì, sìkóníà tí wọ́n fi ítíríà tàbí kálísíà dá dúró ni, tí wọ́n yọ́ tí wọ́n sì jẹ́ kó dì ní òkúta tó mọ́lẹ̀ gaara. Ní Moscow ní Rọ́ṣíà, ilé ìmọ̀ Lebedev tí orúkọ ìkékúrú rẹ̀ ń jẹ́ FIAN ṣe é débi tó gbayì láàárín ọdún 1970 sí 1979, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní fianit níbẹ̀. Bí ẹ bá gbé e lé ọwọ́, ẹ ó mọ̀: ó wúwo ju dáyámọ́ǹdì tó tó o lọ dáadáa.

99.9% ti kí ni?

Klaproth, onímọ̀ ará Berlin, ló kọ́kọ́ rí sìkóníà nínú òkúta kan láti Sri Lanka ní 1789. Ní 1923, Coster àti Hevesy ní Copenhagen rí i pé nǹkan mìíràn ti ń gbé inú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n fi orúkọ Látìn ìlú náà sọ ọ́ ní háfíníọ́mù. Ọdún 134 ni ayé fi ń ra nǹkan méjì ní iye owó ẹyọ kan.

Bí Táíwò àti Kẹ́yìndé ni wọ́n rí nínú kẹ́míkà, yíyà wọ́n sọ́tọ̀ ṣòro, ó sì ń náni lówó. Nítorí náà, bí ẹ bá wo ìwé àyẹ̀wò ọjà dáadáa, ẹ ó rí i pé "ZrO₂+HfO₂" ni wọ́n kọ 99.9% sí. Nǹkan bí 2% nínú rẹ̀ jẹ́ háfíníọ́mù. Bó bá jẹ́ 3Y, wọ́n tún lè ro ítíríà mọ́ ọn, tí sìkóníà gan-an ò ní ju nǹkan bí 92 sí 93 lọ. Jìbìtì kọ́ o. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lágbàáyé nìyẹn, háfíníọ́mù kò sì ní ba eyín tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ìlọ̀ yín jẹ́.

Ibì kan ṣoṣo tó ti di ọ̀ràn ni iná núkílíà. Zirconium ń jẹ́ kí nútírọ́ọ̀nù kọjá; háfíníọ́mù ń gbé e mì. Irin zirconium tó máa wọ inú rìákítọ̀ kò gbọ́dọ̀ ní ju nǹkan bí 100 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta "èyí tí kò ní háfíníọ́mù" fún yín, tí ẹ kò sì kọ́ rìákítọ̀ sẹ́yìn ilé, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ máa lọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìdá 0.1% tó ṣẹ́kù yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ó tó 1000 nínú mílíọ̀nù kan, àwọn tó lè wà níbẹ̀ ò sì dọ́gba. Sílíkà ni ọ̀tá 8Y: ó ń kó ara jọ sí ààlà àárín hóró sí hóró, ó sì ń di ọ̀nà mọ́ ọ́síjìn. Irin tó dógùn-ún ń mú kí eyín pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì. Kílóráìdì tó ṣẹ́kù láti inú ásíìdì ń fi ihò sílẹ̀ nínú iṣẹ́ tí ẹ sun. Àlúmínà díẹ̀, bíi 0.25%, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sínú 3Y kan ni. Ó ń ràn án lọ́wọ́ láti gba iná kó sì pẹ́ nínú omi, àmọ́ kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa. Nítorí náà 99.5% tí àlúmínà ń bẹ nínú ìyókù rẹ̀ lè sàn fún yín ju 99.9% tí sílíkà ń bẹ nínú tirẹ̀.

Ti ìyọ́ àti ti kẹ́míkà

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà yọ sìkóníà kúrò lára yanrìn zircon. Ti àkọ́kọ́, wọ́n ń kó yanrìn náà pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù sínú ìléru iná mànàmáná tó gbóná débi pé sílíkà á di èéfín, á sì lọ. Ohun tó kù á dì, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á lọ̀ ọ́. Nǹkan bí 99% ló máa ń mọ́ mọ, hóró rẹ̀ sì rí bí òkúta tí wọ́n fi òòlù fọ́. Ti èkejì, wọ́n ń fi kọ́sítíìkì sódà tú yanrìn náà palẹ̀, wọ́n á fi ásíìdì yọ́ ọ, á di kírísítà oxychloride, wọ́n á fi amóníà sọ ọ́ di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, wọ́n á sì sun ún. Èyí lè mọ́ dé 99.9% kọjá, hóró rẹ̀ sì kéré débi pé ojú kò lè rí i. Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ jù lọ oxychloride ayé ti ń wá.

Fún bíríkì, fún àwọ̀ táìlì, fún bíréèkì mọ́tò, ti ìyọ́ tó, ó sì dín lówó. Fún ohun tí ẹ máa tẹ̀ nínú mọ́ọ̀dì kí ẹ sun kó le, ti kẹ́míkà ni. Ohun kan tí àwọn tó ń tà á kì í fẹ́ sọ ni pé yanrìn zircon ní yùréníọ́mù àti tóríọ́mù díẹ̀ nínú láti ilẹ̀ wá. Ásíìdì ń fọ ọ̀pọ̀ rẹ̀ kúrò. Iná kì í lè lé e lọ bẹ́ẹ̀. Ìlànà ISO 13356 fún sìkóníà tó máa wọ inú ara èèyàn fi ààlà sí ìtànṣán rẹ̀. Fún bíríkì, ìbòmú àti ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ni ẹ nílò, torí eruku.

Sìkóníà tàbí àlúmínà?

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi láìsọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe, màá ní kí ẹ ra àlúmínà. Ó dín lówó gan-an, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ nǹkan.

| Ohun tí a ń wò | Sìkóníà 3Y | Àlúmínà 99.5% |
|---|---|---|
| Ìwúwo, g/cm³ | 6.05 | 3.9 |
| Líle, HV | nǹkan bí 1250 | 1500 sókè |
| Agbára tó fi ń kọ̀ láti kán, MPa | 900–1200 | 300–400 |
| Agbára tó fi ń kọ̀ láti sán, MPa√m | 5–8 | 3–4 |
| Bí ooru ṣe ń gbà á kọjá, W/mK | 2–3 | 25–30 |
| Bó ṣe ń fẹ̀ nínú ooru, ×10⁻⁶/°C | nǹkan bí 10 | nǹkan bí 8 |

Ẹ ṣàkíyèsí pé àlúmínà ló le jù. Àwọn òǹtajà máa ń pa á pọ̀ pé sìkóníà "le jù" nínú gbogbo nǹkan. Rárá. Ohun tí sìkóníà fi ju àlúmínà lọ ni pé kì í tètè kán, kì í tètè sán. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ kí yanrìn máa ha nǹkan lára láìsí ẹni tó ń lù ú, àlúmínà tó. Bó bá jẹ́ ohun tí wọ́n ń lù, tí wọ́n ń tẹ̀, tí etí rẹ̀ tín-ín-rín, sìkóníà ni. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ so ó mọ́ irin, fífẹ̀ sìkóníà sún mọ́ ti irin, kò ní tètè jábọ́ bí ooru bá dé.

Owó kílò máa ń tan èèyàn níbí. Páìpù kan náà tí ẹ bá fi àlúmínà ṣe á gba kílò kan, tí ẹ bá fi sìkóníà ṣe é á gba nǹkan bíi kílò kan àbọ̀ ó lé díẹ̀, torí ìwúwo rẹ̀. Ẹ fi owó ẹyọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wéra, kì í ṣe owó àpò.

Ibi tí 3Y ti ń kú ni inú omi gbígbóná. Bó bá wà nínú ọ̀rinrin tó gbóná, pàápàá láàárín 200 sí 300°C, ojú rẹ̀ ń padà sí monoclinic díẹ̀díẹ̀, á máa yọ bí ògiri tí ọ̀dà ń ṣí lára rẹ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ nínú ara èèyàn pàápàá, àmọ́ díẹ̀díẹ̀. Ní 2001, wọ́n kó àwọn orí ìgbáròkó tí wọ́n fi sìkóníà ṣe ní ilẹ̀ Faransé padà, torí pé àwọn kan nínú wọn ń fọ́ sínú àwọn aláìsàn. Ohun tí wọ́n rí ni pé wọ́n ti yí irú ìléru tí wọ́n fi ń sun ún padà. Pọ́dà náà ò yí padà rárá. Nítorí náà, bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ fáàfù fún sítíìmù, ẹ má gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá ní 3Y kì í bàjẹ́. Àlúmínà tàbí èyí tí wọ́n fi séríà dá dúró ló yẹ kí ẹ béèrè.

Ìlẹ̀kẹ̀ ìlọ̀: ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń rà á

Ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tí wọ́n ń dà sínú ẹ̀rọ ìlọ̀ ọ̀dà àti yíǹkì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn èèyàn ń rà lọ́wọ́ mi. Mẹ́rin ló wà: gíláàsì, zirconium silicate, sìkóníà, àti irin.

Ìwúwo ni ẹ kọ́kọ́ wò. Gíláàsì jẹ́ nǹkan bí 2.5, silicate nǹkan bí 4, sìkóníà nǹkan bí 6, irin 7.8. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá ṣe wúwo tó ni ó ṣe ń lù tó. Irin ló dín lówó jù lọ nínú àwọn tó wúwo, ó sì dára fún ọ̀dà dúdú, àmọ́ ẹ má ṣe dà á sínú ọ̀dà funfun, torí pé irin tó ń jẹ kúrò lára rẹ̀ ń sọ funfun di eérú. Gíláàsì tó fún ọ̀dà ilé lásán, àgàgà èyí tó jẹ́ pé títáníọ́mù rẹ̀ ti kúnná láti iléeṣẹ́, tí ẹ kàn fẹ́ tú u ká. Silicate ló yẹ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ọ̀dà ní àárín wa, tí wọn ò sì mọ̀. Sìkóníà ni fún yíǹkì, fún ọ̀dà mọ́tò, fún ohunkóhun tó nípọn bí oyin.

Ìfiwéra owó rẹ̀ tún yàtọ̀. Inú ẹ̀rọ ni ẹ ń kún, nítorí náà lítà ni ẹ ń rà, kì í ṣe kílò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀rọ yín jẹ́ lítà 10, tí ẹ fẹ́ kún un dé 80%. Lítà kan sìkóníà jẹ́ nǹkan bí kílò 3.7, nítorí náà nǹkan bí kílò 30 ni ẹ máa rà. Gíláàsì jẹ́ nǹkan bí kílò 1.5 ní lítà kan, kílò 12 á tó. Sìkóníà ti wọ́n ní kílò, ó tún wọ́n lẹ́ẹ̀kejì ní ìwọ̀n. Ohun tó ń san án padà ni pé kì í tètè jẹ. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ lójoojúmọ́, kó kọ kílò tó ń dà sí i lóṣooṣù láti fi dí èyí tó ti jẹ, kó sì fi wéra láàárín ọdún kan. Ẹni tó ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lè má rí owó rẹ̀ padà.

Ohun méjì ni mo máa ń pariwo sí etí àwọn oníbàárà. Ẹ má ṣe da irú ìlẹ̀kẹ̀ méjì pọ̀. Èyí tó le á jẹ èyí tó rọ̀. Ẹ sì wo inú ẹ̀rọ yín kí ẹ tó gbé ìlẹ̀kẹ̀ tó wúwo sínú rẹ̀. Bí ara rẹ̀ nínú bá jẹ́ irin lásán, sìkóníà á lọ̀ ọ̀dà, á sì lọ̀ ẹ̀rọ náà pẹ̀lú.

Àwọn oníṣẹ́ eyín

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń gé kúráùn nínú láàbù eyín, àwo yíyí tó fẹ̀ tó mílímítà 98 ni ẹ ń rà. 3Y le jù, ó lè kọjá 1000 MPa, àmọ́ funfun rẹ̀ kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá. 5Y rẹwà fún eyín iwájú, agbára rẹ̀ sì tó nǹkan bí ìdajì ti 3Y. 4Y wà láàárín. ISO 6872 ní kí èyí tí wọ́n máa fi ṣe eyín mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lápapọ̀ tó 800 MPa, nítorí náà ẹ má ṣe fi 5Y ṣe é nítorí ẹwà. Lára àwo kọ̀ọ̀kan ni nọ́ńbà ìsúnkì rẹ̀ wà, torí ó ń súnkì ní nǹkan bí ìdá márùn-ún bí wọ́n bá sun ún. Ẹ má ṣe lo nọ́ńbà àwo àná fún àwo òní. Kúráùn tí kò wọ ẹnu, òun ni ìyà rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó

Ìwé àyẹ̀wò ni ẹ kọ́kọ́ béèrè, ti batch tí wọ́n máa gbé fún yín gan-an, kì í ṣe ti ọdún tó kọjá. Ẹ wo Y₂O₃ lórí òṣùwọ̀n, SiO₂ (sílíkà), Fe₂O₃ (irin tó dógùn-ún), Al₂O₃ (àlúmínà), àti iye tó sọnù nínú iná. Ẹ wo D50, ìyẹn bí hóró ṣe tóbi tó, àti BET, ìyẹn bí ojú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó ní gíráàmù kan. BET tó ga, bíi 15 sókè, ń jẹ́ kó yá nínú iná, àmọ́ ó ń dí mọ́ mọ́ọ̀dì. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, nǹkan bí 7 ló máa rọrùn fún. Bí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ tó ń sọ pọ́dà di hóró, ẹ ra èyí tí wọ́n ti ṣe fún títẹ̀, tí gọ́ọ̀mù ti wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì béèrè iye gọ́ọ̀mù náà, torí ẹ ń sanwó rẹ̀.

Ní kọ́sítọ́ọ̀mù, 2825.60 ni nọ́ńbà sìkóníà, 2615.10 sì ni ti yanrìn zircon. Bí ìwé ọjà yín bá gbé 2615 wá nígbà tí ẹ san owó sìkóníà, ẹ má ṣe gbé e kúrò ní pọ́ọ̀tù kí ẹ tó béèrè ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba kílò kan, ẹ sun ún nínú ìléru yín, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ kò nílò láàbù. Ẹ so iṣẹ́ náà mọ́ òwú, ẹ wọ̀n ọ́n ní gbẹrẹfu, ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tó wà nínú omi. Bó bá jẹ́ gíráàmù 121 ní gbẹrẹfu, tó sì di 101 nínú omi, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 20. 121 pín sí 20 jẹ́ 6.05. Ó dára nìyẹn. Bó bá di 100, ìyàtọ̀ á jẹ́ 21, èsì á jẹ́ 5.76, ihò ti wà nínú rẹ̀: ó lè jẹ́ pọ́dà, ó lè jẹ́ iná yín. Ẹ sun òmíràn kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jà.

Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́sí. Kílò 19 ló ṣẹ́kù nínú àpò mi, ó wà ní igun yàrá fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí ẹnì kan tó ń ṣe àwọ̀ táìlì fi wá ra nǹkan mìíràn tó sì rí i. Ó wo ìwé rẹ̀, ó rí i pé kò sí ítíríà kankan nínú rẹ̀, ló bá ra gbogbo rẹ̀. Ó ṣì ń béèrè ibi tí mo ti rà á.